Bàtà Ẹlẹ́ṣin: Ìtàn Ọnà àti Aró Ara Awọ Láàrin Àwọn Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀: awọ àti àwọ̀. Ọ̀kan ni ohun tí a bó lára ẹran. Èkejì ni ohun tí ojú ń rí lára nǹkan, ìbáà ṣe dúdú, ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe pupa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi àmì sí wọn yóò da méjèèjì pọ̀, olùkọ́ yóò sì fi gègé pupa fa ìlà sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni láti mú awọ àti àwọ̀ pàdé. Àwọn ni àwọn tí a ń pè ní aláwọ. Orúkọ yìí ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá fún Símónì ará Jópà, nítorí pé wọ́n bá iṣẹ́ náà nílẹ̀, wọn kò sì ní láti wá orúkọ tuntun fún un.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní, mo fẹ́ fi hàn pé bàtà awọ gíga tí a ṣe lọ́nà sí, tí a sì pa láró, kì í ṣe ohun tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Èkejì, mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí àwọn aláwọ ti ń rí aró wọn, àti bí aró náà ṣe ń mú awọ. Ẹ̀kẹta, mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìmọ̀ náà yóò parun tàbí yóò yè, nísinsìnyí tí iṣẹ́ ìdílé ti ń di àṣenajú fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀.

2. Ẹṣin ló bí bàtà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn bàtà gíga gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìtàn ẹṣin. Àgbẹ̀ kò nílò bàtà tó dé orókùn. Ẹrẹ̀ oko kò ní jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Ẹni tó nílò rẹ̀ ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ha ìhà ẹṣin láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí eṣinṣin tsetse tí ń pa ẹṣin kò ti pọ̀ tó ti inú igbó. Láti apá òkè ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, ẹṣin yìí ló sì fún un lágbára lórí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, tí àwọn arákùnrin Lander sì dé ibẹ̀ ní 1830, agbára ìjọba náà ti ń dínkù, ṣùgbọ́n ẹṣin ṣì jẹ́ àmì ọlá ọba àti ti ìjòyè.

Bí ẹṣin bá wà, gàárì gbọ́dọ̀ wà. Bí gàárì bá wà, ìjánu, àkọ̀ idà, apó ọfà àti bàtà kò ní ṣàìtẹ̀ lé e. Gbogbo èyí, iṣẹ́ aláwọ ni. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, ó ka bàtà àti sálúbàtà mọ́ ohun tí aláwọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, pẹ̀lú ohun èlò ẹṣin, àkọ̀ idà àti tìmùtìmù. Ó tún sọ pé àwọn aláwọ ìgbà àtijọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe awọ tí wọ́n ń lò, ó sì dárúkọ àwọn àwọ̀ tí wọ́n ń fún un: dúdú, funfun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti búráùn. Kíyè sí i pé àwọ̀ márùn-ún ni èyí, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré ni orúkọ àwọ̀ tó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè wa. Mo ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan yóò sọ pé ti Hausa ni iṣẹ́ awọ, pé àwa kàn yá a lò ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kánò ti lókìkí fún awọ tipẹ́. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé ibẹ̀ ní 1851, kọ nípa bí sálúbàtà Kánò ṣe ń rìn jìnnà, àti bí awọ pupa ibẹ̀ ṣe ń gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Tripoli. A rí nínú èdè wa pàápàá pé ọ̀nà òkè ni àwọn ohun èlò kan gbà wọlé: àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé awọ, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ó gba inú èdè Hausa kọjá. Àwọn Mùsùlùmí tún ní bàtà awọ rírọ̀ kan tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní khuff, èyí tí òfin ẹ̀sìn gbà kí ènìyàn fi omi ra ojú rẹ̀ nígbà àlùwàlá, dípò kó bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n yíyá irinṣẹ́ lò yàtọ̀ sí yíyá ọgbọ́n lò. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé ọnà awọ ti wọ inú ara ìgbésí ayé Ọ̀yọ́ ni làbà Ṣàngó.

3. Làbà: ọnà tí kì í ṣe ti ọjà

Làbà ni àpò awọ tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n sì ń so rọ̀ sára ògiri ojúbọ. Wescott àti Morton-Williams kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì kan nípa rẹ̀ ní 1962. Awọ pupa ni ó sábà máa ń jẹ́. Ojú rẹ̀ pín sí ìpín mẹ́rin, àwòrán kan náà sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, tí a fi awọ aláwọ̀ mìíràn gé, tí a sì rán mọ́ ọn. Wájawàja awọ ń fì nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí àrá bá sán pa ilé, làbà yìí ni oníṣàngó ń gbé lọ síbẹ̀ láti fi kó ẹdùn àrá.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ọnà sára làbà kò yàtọ̀ sí ti ara gàárì àti bàtà. Mẹ́ta ni mo lè tọ́ka sí. Èkíní ni kí a gé awọ aláwọ̀ kan, kí a sì rán an mọ́ orí òmíràn. Èkejì ni kí a fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ gán ojú awọ, bí ẹni ń hun ẹní. Ẹ̀kẹta, tó gba sùúrù jù, ni kí a fi ẹnu ọ̀bẹ mímú la ìlà sí ojú awọ tí a ti pa láró, kí a sì ṣí awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lójú rẹ̀ títí inú rẹ̀ tí aró kò dé yóò fi hàn. Bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀bẹ jù, awọ lu nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe.

4. Aró àti ohun tí awọ ń mu

Kí aró tó kan awọ, awọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti di awọ. A óò rẹ ẹ́ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè dẹ̀, a óò fi ọ̀bẹ há irun náà kúrò, a óò sì fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ inú omi èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bàgàrúwà, èyí tí a ti gún. Èso yìí ló ń sọ ohun tí ìbá jẹrà di ohun tí kì í jẹrà. Òróró ẹ̀pà tàbí òrí ni a fi ń pa á kó lè rọ̀.

Láti ara pòròpórò ọkà bàbà pupa ni aró pupa ti ń wá. Èpo ewé tó wé mọ́ ara rẹ̀ ni a ń sá, tí a ń gún, tí a sì ń pò mọ́ omi àti kán-ún. Kán-ún ló ń fa àwọ̀ náà jáde. Bí a bá ti fi rẹ awọ tán, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi ń ṣàn án kí pupa náà lè mọ́lẹ̀. Ohun kan náà yìí ni àwọn tí ń ṣe wàràǹkàṣì ní ilẹ̀ Benin fi ń pọ́n ojú rẹ̀, nítorí náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ra á jẹ rí.

Àwọ̀ ewé wá láti ara ìyẹ̀fun idẹ tàbí ti bàbà tí ohun kíkan bíi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti jẹ. Àwọ̀ ìyeyè wá láti ara ata ilẹ̀ pupa. Dúdú ló jinlẹ̀ jù ní ti ìmọ̀. Ìdàrọ́ irin láti ilé alágbẹ̀dẹ ni a ń rẹ sínú omi kíkan fún ọjọ́ púpọ̀. Omi náà fúnra rẹ̀ kò dúdú. Ìgbà tó bá kan awọ tó ti mu bàgàrúwà ni dúdú ń jáde, nítorí pé ohun tó wà nínú irin àti ohun tó wà nínú èso náà ló pàdé. Ẹ̀dá dúdú náà ń ti inú awọ wá. Kì í ṣe ọ̀dà tí a kùn sí i lójú.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ àwọ̀. A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé dúdú, funfun àti pupa ni àwọ̀ tí Yorùbá mọ̀, àwọn mìíràn sì ti ibẹ̀ rò pé ojú àwọn baba wa kò rí ju mẹ́ta lọ. Agbada aró aláwọ tako èrò yìí. Ẹni tó mọ̀ pé idẹ ni ó yẹ kí òun gbẹ́ fún àwọ̀ kan, pé ata ilẹ̀ sì ni ti òmíràn, ó mọ ìyàtọ̀ wọn dájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara nǹkan tó ní àwọ̀ náà ni èdè wa ti ń fa orúkọ yọ: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ eérú. Ìmọ̀ wà nínú iṣẹ́ kí ó tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

5. Ìyípadà

Ogun ló kọ́kọ́ tú àwọn aláwọ ká. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bá àwọn tó sá lọ sí gúúsù, Ọ̀yọ́ tí Àtìbà tẹ̀ dó sì di ibùjókòó wọn títí dòní. Ìlọrin ní tirẹ̀ di ọjà awọ ńlá láàrin Hausa àti Yorùbá. Johnson ti ṣàkíyèsí pé ní ìgbà tirẹ̀, awọ tí a ti ṣe tán ni ọ̀pọ̀ aláwọ ń rà, wọn kò ṣe é fúnra wọn mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni aró ìgò dé. Ní 1856 ni Perkin, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù, ṣèèṣì rí aró àkọ́kọ́ tí a fi ọ̀dà èédú ṣe, nígbà tó sì yá, irú rẹ̀ kún ọjà wa. Ó yá ju ìdàrọ́ lọ, kò sì béèrè sùúrù. Ojú irin tó ti Èkó wá sì so pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912, awọ ewúrẹ́ sì ń gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun ní tútù. Níkẹyìn ni mọ́tò dé, ẹṣin sì di ti ọjọ́ ọdún. Nígbà tí ẹlẹ́ṣin tán, ta ni yóò ra bàtà ẹlẹ́ṣin? Awọ kò kájú ìlù mọ́. Àwọn aláwọ Ọ̀yọ́ yíjú sí tìmùtìmù, abẹ̀bẹ̀, àpò àti ìgbànú fún àlejò.

6. Àṣenajú

Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ kan tí kì í ṣe ọmọ aláwọ ń ra bàtà awọ, wọ́n ń pa á láró, wọ́n ń ṣe ọnà sí i lára, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ fún ìgbádùn ara wọn. Èmi pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbìyànjú rẹ̀ rí. A ra bàtà gíga kan lọ́jà, a rẹ ìdàrọ́ sínú omi kíkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì fi pa bàtà náà. Kò dúdú. Ó kàn ṣe bí ohun tó dípẹtà ni. A gbé e tọ baba aláwọ kan lọ. Baba gbóòórùn bàtà náà, ó ní: "Kí ni awọ yìí mu?" A kò mọ èsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Kò mu bàgàrúwà. Ta ni irin fẹ́ bá pàdé níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi?"

Òótọ́ ni baba sọ. Kẹ́míkà kúróòmù ni ilé-iṣẹ́ fi ṣe awọ bàtà náà, bí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ lónìí. Èròjà inú èso kò sí níbẹ̀. Ìwé tí a kà sọ fún wa ohun tí a óò pò. Kò sọ fún wa pé kí a béèrè ohun tí awọ ti mu. Ìbéèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí ni odindi ìmọ̀ ìran kan, ẹnu ni ó sì wà.

Nítorí èyí ni èmi kò fi bá àwọn tó ń kẹ́gàn àṣenajú pohùn pọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń fi iṣẹ́ ṣeré kò lè mú un dúró. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ aláwọ púpọ̀ ti di akọ̀wé àti awakọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi. Bí àwọn tí iṣẹ́ náà wù bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe jí i kọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà aró lẹ́nu àgbà gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́, kó sì dárúkọ ilé tí ó ti gbà á.

7. Ìkádìí

A ti rí i pé ẹṣin ló bí bàtà gíga láàrin wa, pé oko, ilé alágbẹ̀dẹ àti ọjà ni aró rẹ̀ ti ń wá, àti pé làbà jẹ́rìí sí ìjìnlẹ̀ ọnà náà. Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwa olùkọ́ èdè. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, a gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ fún irinṣẹ́ tí wọ́n ń dì mú. Kí olùkọ́ tó wà ní Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mú ìwé àti gègé, kó jókòó ti aláwọ kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ orúkọ ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, ti aró kọ̀ọ̀kan, ti ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Baba tó bi wá léèrè ohun tí awọ mu kò ní ọmọ kankan nínú iṣẹ́ náà.