Kíkọ Ìwọ̀n Átọ̀mù ní Nọ́ńbà

Átọ̀mù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìbú rẹ̀ fi jẹ́ nǹkan bí 0.0000000001 mítà. Bí akọ̀wé bá fo òdo kan láàárín wọn, átọ̀mù ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ ní 10⁻¹⁰ mítà. Nọ́ńbà kékeré orí rẹ̀ ń sọ iye ìgbà tí a óò fi 10 pín mítà kan.

René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi irú nọ́ńbà orí bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1637, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì mọ ìwọ̀n átọ̀mù nígbà náà. Ní 1865, Josef Loschmidt ṣírò ìbú mólékù afẹ́fẹ́ sí nǹkan bí 10⁻⁹ mítà. Ó fi bí ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ jù, síbẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn ìdánwò Jean Perrin ní Paris láti 1908 ni ó wá pa àwọn oníyèméjì lẹ́nu mọ́.

Láyé owó ẹyọ, Yorùbá náà ń di iye ńlá ní ìdì: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì jẹ́ 1,000,000. Ìdì ọ̀kẹ́ ń gòkè ni. 10⁻¹⁰ ń sọ̀ kalẹ̀.

Ní Abidjan, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń fi èdè Faransé kàwé, kọ́mà ni a fi ń ya odidi nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá rẹ̀. Ìbú átọ̀mù haidrojín, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Niels Bohr ti 1913, yóò jẹ́ 1,058 × 10⁻¹⁰ mítà níbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé Ìbàdàn lè ka 1,058 yìí sí ẹgbẹ̀rún kan àti méjìdínlọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n òfin ìkọ̀wé yìí ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo, láti 1 dé 9, ni yóò ṣáájú àmì ìdá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣì í kà.