Ẹ̀kọ́ oúnjẹ aṣaralóore láàrin àwọn ìdílé Latino ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀kọ́ oúnjẹ aṣaralóore fún àwọn ìdílé Latino jẹ́ iṣẹ́ ìlera tí ìjọba, yunifásítì àti ẹgbẹ́ àdúgbò ń ṣe ní Amẹ́ríkà láàrin àwọn tí orísun wọn jẹ́ Mẹ́síkò, Puerto Rico, Kúbà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà Àárín àti ti Gúúsù. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 62.

Ìtàn

Ètò EFNEP, tí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1969, ń kọ́ àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn bí a ṣe ń ra oúnjẹ àti bí a ṣe ń sè é. Kì í ṣe ti àwọn Latino nìkan, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ará àdúgbò síṣẹ́ olùkọ́, ọgbọ́n yìí sì bá ti àwọn promotora mu. Àwọn wọ̀nyí, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, jẹ́ ojúlùmọ̀ àdúgbò tó ń fi èdè Spáníìṣì kọ́ni nínú ilé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ètò WIC, tó ń fún aboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ kékeré ní oúnjẹ, fi èso, ẹ̀fọ́ àti tortilla àgbàdo kún oúnjẹ tó ń pín ní 2009. Òfin kan ní oṣù keje 2025 fòpin sí owó SNAP-Ed, ètò ẹ̀kọ́ oúnjẹ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo

Ibi tí ẹ̀kọ́ nìkan kò ti tó nìyí. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń fi cal, ohun funfun tí a ń rí lára òkúta, tó ń ṣiṣẹ́ bíi kán-ún, se àgbàdo kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún tortilla. Síse yìí ń fi kálísíọ̀mù kún un, ó sì ń jẹ́ kí ara rí niacin inú rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba sọ ọ́ di dandan ní 1998 pé kí folic acid, tó ń dín àbùkù ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú kù, wà nínú ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n ti fi èròjà kún, wọn kò mẹ́nu kan ìyẹ̀fun àgbàdo yìí. Bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin Latino ni àbùkù náà ń bá ọmọ wọn jù. Ọdún 2016 ni wọ́n tó gbà pé kí a fi sí i, ìyọ̀ǹda lásán ni nígbà náà, kì í ṣe dandan.

Àtọ̀gbẹ àti àríyànjiyàn

Ìwádìí HCHS/SOL, tó gba àgbàlagbà Latino tó lé ní 16,000 wọlé ní Bronx, Chicago, Miami àti San Diego láàrin 2008 sí 2011, rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ní àtọ̀gbẹ. Ti àwọn ará Mẹ́síkò jẹ́ nǹkan bíi méjìdínlógún. Ìwé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo Latino kò bá èyí mu.

Síbẹ̀, ní 1986, àwọn olùwádìí Markides àti Coreil ti kọ ọ́ pé ìlera àwọn Latino ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà sún mọ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun ju bí ipò ìṣẹ́ wọn ṣe yẹ kó rí lọ. Fún ìdí rẹ̀, àwọn kan ń tọ́ka sí sìgá tí àwọn Latino kì í fi bẹ́ẹ̀ mu, àwọn mìíràn sí àwọn aláìsàn tó ń padà sí orílẹ̀-èdè wọn lọ kú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀wà, àgbàdo àti ìdílé tó wà papọ̀ ní ipa, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tiwọn kò lágbára tó ti sìgá.