ILÉ ÌKÀWÉ ÀTI ÌLERA ARÁ ÌLÚ: LÁTI SARGH DÉ ILẸ̀ RẸ́MỌ

   Nígbà tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera ní ọdún yìí, àwọn kan rò pé ewé àti tírà ni n ó mú wá. Ilé ìkàwé ni mo mú wá. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Sayyidinā Umar ọmọ Khattāb ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n wá sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó pe àwọn Muhājirūn, ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Ó pe àwọn Ansār, bákan náà ni. Àwọn àgbà Kùráéṣì ló wá fi ohùn kan sọ pé kí ó yí padà. Lẹ́yìn tí ó ti pinnu tán ni Abdurrahmān ọmọ Awf dé, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì pé ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá wà, kí ará ìta má wọ̀ ọ́, kí ará inú rẹ̀ má sì sá jáde. Ṣé ẹ rí i? Ìmọ̀ tó kan ẹ̀mí gbogbo èrò yẹn wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni náà kò sì sí nítòsí nígbà tí wọ́n ń wá a.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi ìmọ̀ sínú ìwé, wọ́n sì kọ́ ilé fún ìwé. Ní 1005, wọ́n ṣí Dār al-Ilm ní ìlú Káírò. Ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé kàwé níbẹ̀, wọ́n á fún un ní gègé, tàdáwà àti tákàdá láti fi ṣe àdàkọ. Àwọn oníṣègùn wà lára àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni al-Rāzī, ẹni tó kú ní nǹkan bí 925, ti kọ ìwé tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná àti ìta hàn. Nílẹ̀ tiwa níbí, Muhammad Bello, tó jẹ́ olórí Sókótó láti 1817 sí 1837, kọ ìwé lórí oògùn aràn inú. Ó kọ tí jẹ̀díjẹ̀dí náà. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sultan kò ka jẹ̀díjẹ̀dí sí ohun ẹ̀rín.)

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a kọ ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí ohun tó wà nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé 1,000 ọdún tí al-Rāzī ti kú nígbà tí ìgbóná pa àgbẹ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́ wa níbí ní 1920. Ó tún máa ń la pákó. Orúkọ rẹ̀ ni David Ṣópólú Awólọ́wọ̀. Àjẹsára ìgbóná ti wà láyé láti 1796. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 124 ọdún. Ní àsìkò yẹn, ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa ìgbóná kò ju ohun tí àwọn aworo Ṣànpọ̀nná bá sọ fún wọn. A kì í pe orúkọ rẹ̀, a kì í sunkún òkú rẹ̀, aworo ló sì máa ń kó ẹrù olóògbé. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ dókítà òyìnbó ní Èkó, ní láti yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ wọn kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan àrùn náà kiri. Àṣírí ni wọ́n fi ṣe ìmọ̀, àṣírí náà ló sì ń pa ènìyàn.

Ọmọ ọdún 11 ni Ọbáfẹ́mi ọmọ olóògbé yìí. Ìyà jẹ ẹ́, ó ṣẹ́gi ní Abẹ́òkúta kí ó tó rí ilé ìwé lọ. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ẹgbẹ́. Nígbà tí ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní January 1955, ó sì sọ ìwòsàn di ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé. Èmi kò rò pé ó ṣèèṣì so méjèèjì pọ̀. Ìgbóná fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970, wọ́n sì kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ẹni tó bá lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lónìí yóò rí ilé ìkàwé tí ìwé àti àkọsílẹ̀ olóyè náà wà. Sopolu Library ni wọ́n ń pè é: orúkọ bàbá tí ìgbóná pa. Àwọn olùwádìí ìtàn ni wọ́n ń lò ó jù. Ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wa ti wà láti 1986, ìwé ìṣègùn sì wà fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Kò sí èyí tí a kọ́ nítorí ìyá tó ń ta obì ní Sábó nínú méjèèjì. Ilé ìkàwé ti ará ìlú ló yẹ kó gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun o: ní 1953, UNESCO pe àpérò sí Ìbàdàn lórí bí irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá sí, ojú wa rí i ní ọjọ́ Jímọ̀, 8 August 2014. Ebola ti wọ Èkó ní oṣù July. Lóru mọ́jú ọjọ́ yẹn ni fóònù ń dún káàkiri: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ mu lára rẹ̀, Ebola kò ní mú yín. Kí n tó pe ìrun Àsùbáà, àwọn ènìyàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, iyọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n ṣàdúà sí i. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo pe nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá tó ń kírun pẹ̀lú wa, ó sì ṣàlàyé fún wọn ohun tí iyọ̀ púpọ̀ ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ìwé ìròyìn sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú nítorí omi iyọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ènìyàn 8 ni Ebola fúnra rẹ̀ pa níbí.

Ní Tamale, ní àríwá Ghánà, níbi tí àwa Mùsùlùmí pọ̀ sí, ilé ìkàwé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn aláboyún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, nípa bí wọn yóò ṣe tọ́jú ara wọn. Fóònù yìí kan náà, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a mọ ẹni tó kọ ti Tamale, a sì mọ ibi tí a ti lè lọ bi í.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún Rẹ́mọ: ìwé pélébé ní èdè Yorùbá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti fòníkú-fọ̀ladìde, kí nọ́ọ̀sì máa wá wọn ìfúnpá fún ènìyàn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn tó fẹ́ ṣe nìkáà sì rí ẹni ṣàlàyé AS àti AA fún wọn kí wọ́n tó wá bá lẹ́mọ́mù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń kírun lẹ́yìn wa lè kọ ọ́, àwọn tó jáde ní ilé kéwú lè bá wọn yẹ Yorùbá rẹ̀ wò. Kí ìjọba ṣí ilé ìkàwé náà ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ bá ráyè. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì ṣe é, yàrá tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ṣófo láti Súńdè títí di ọjọ́bọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.