Ọmọ Ń Bẹ Lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, Ta Ni Yóò Bọ́ Ọ?

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ilé ẹjọ́ ti fi mí sí ìkáwọ́ ìyá ìyá mi, lẹ́yìn tí màmá mi ṣaláìsí. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń wí pé ẹni tó gba ọmọ ni kó bọ́ ọ. Mo wá lọ wo ìtàn, bóyá òótọ́ ni.

Lọ́dún 1601, òfin àwọn tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka bàbá àgbà àti ìyá àgbà mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ bọ́ ọmọ aláìní, bí agbára wọn bá ká a. Bàbá mi ì bá fẹ́ràn òfin yẹn! Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ló kọ́kọ́ dárúkọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, sọ ní abala 14 pé òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò tọ́jú ọmọ, bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ọmọ sì lè béèrè ẹ̀tọ́ yìí ní kóòtù ìdílé. “Tàbí” yẹn ni bàbá mi dì mú. Síbẹ̀, abala náà kò sọ pé bí alágbàtọ́ bá ti wà, òbí ti bọ́.

Ìyá àgbà, tí wọ́n ń fi owó gàrí san owó ìdánwò mi, ní n kò gbọdọ̀ pe bàbá mi lẹ́jọ́. Mo gbọ́. Lẹ́tà ni mo kọ sí wọn, mo sì da abala 14 kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.