ÌTÀN «LÁTI» ÀTI ÌLÒ RẸ̀ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ «FROM» ÀTI «DE»

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì fún kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Parakou lè tètè rò pé «láti» ni ó bá «de» àti «from» mu níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀.

«Fram» ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe «from» ní ayé àtijọ́, «síwájú» sì ni ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn ará Norway ṣì ń pe «síwájú» ní «fram» títí di òní. Ẹni tí ó tẹ̀ síwájú ti kúrò níbi tí ó wà: ibẹ̀ ni ìtumọ̀ «kíkúrò» gbà wọlé. «De» ti Faransé jẹ́ ogún Látìnì.

«Láti» kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe «ti» ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí a ń gbọ́ nínú «Ó ti Kútọnu dé». A fi «à» sí i, ó di «àti». A fi «ní» ṣáájú, «n» sì di «l», gẹ́gẹ́ bí «ní orí» ti di «lórí». Ní èrò tèmi, «láti» inú «ó fẹ́ láti lọ» bá «àtilọ àtibọ̀» tan.

Gẹ̀ẹ́sì ni Samuel Ajayi Crowther fi kọ ìwé gírámà Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1852. Ẹni tí ó bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé èdè wa kò ní ṣàì wá ohun tí yóò dúró fún «from».

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni ó sábà ń gbé ìtumọ̀ yìí nínú èdè wa. «Ó jí owó lápò mi». «Ó bọ́ lórí igi». «Ó yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀». «Ní» kàn ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà ni. «Jí», «bọ́» àti «yọ» ni ó sọ pé ó kúrò níbẹ̀. Faransé pàápàá sún mọ́ wa níhìn-ín, nítorí «boire dans un verre» ni wọ́n ń wí: mímu nínú ife. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wọn ọ̀nà tàbí àkókò, «láti» wà nílé ara rẹ̀: ojú irin láti Kútọnu dé Parakou jẹ́ kìlómítà 438.

Ibi tí ewu wà ni «acheter à». «J'ai acheté un bœuf à mon frère» lè jẹ́ «mo ra màlúù lọ́wọ́ àbúrò mi», ó sì lè jẹ́ «mo ra màlúù fún àbúrò mi». Nínú ti àkọ́kọ́, àbúrò gba owó. Nínú ti èkejì, ó gba màlúù. «Láti ọwọ́» kò lè yanjú rẹ̀, nítorí a tún ń fi í tọ́ka olùṣe, bí a ti ń kọ ọ́ sára ìwé ṣáájú orúkọ òǹkọ̀wé. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá kọ «àpò òwú mẹ́wàá tí a rà láti ọwọ́ Àlàbí», ṣé Àlàbí ni ó ta òwú, àbí òun ni a rán lọ rà á? Bí ó bá jẹ́ òun ni owó tọ́ sí, kí akọ̀wé kọ «tí a rà lọ́wọ́ Àlàbí». Bí ó bá jẹ́ òun ni ó bá ẹgbẹ́ ná ọjà náà, kí ó kọ «tí Àlàbí bá wa rà».