Owó Ìjọba, Ilé-Ẹ̀kọ́ Oníjọ

Lọ́dún 1955, Milton Friedman, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kò pọn dandan kí ìjọba máa dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó kàn fún òbí ní ìwé tí yóò mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ ti aládàáni, ìjọba á sì san owó ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Milwaukee ní 1990, ariwo rẹ̀ kò sì tíì rọlẹ̀. Àwọn kan ní ó ń gba ọmọ tálákà là. Àwọn kan ní ó ń fa owó lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Àbí kí ni tuntun níbẹ̀? Láti 1877 ni ìjọba Èkó ti ń fún C.M.S., ìjọ Wesley àti ìjọ Àgùdà ní £200 lọ́dọọdún, ìjọ kọ̀ọ̀kan, fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Òfin 1887 tún wá so owó mọ́ bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Ẹ wo ìyọnu tí olùkọ́ yóò wà!

Mùsùlùmí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kò jẹ́ fi ọmọ sílẹ̀, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn á sọ ọ́ di onígbàgbọ́. Ó di 1899 kí ìjọba tó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún wọn l'Ékòó. Ní 1923 ni àwọn fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀.

Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní January 17, 1955, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ti ọdún tó ṣáájú sí 811,432. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníjọ ni púpọ̀ nínú wọn jókòó sí, owó ìjọba ni wọ́n sì fi ń san owó oṣù tíṣà.

Bàbá mi wà lára wọn. Rasaki ni wọ́n mú un dé ibẹ̀, Richard ló bá padà sílé. Tíṣà ní irú orúkọ yẹn kò sí nínú ìwé òun. Bàbá àgbà ní, “Ṣé orúkọ ló ń kàwé ni?” Ó ń kọ orin ìjọ láàárọ̀, ó ń kírun nírọ̀lẹ́.

L'Ékòó, ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ìjọba Jákàńdè kọ̀wé ní 1980 pé kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kásẹ̀ nílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie gbé e lọ sílé-ẹjọ́, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ní aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ní tèmi o, n kò bá àwọn tó ní kí kọ́bọ̀ ìjọba má dé ọwọ́ aládàáni lọ. Láìsí àwọn oníjọ, níbo ni ọmọ tuntun tó lé ní 350,000 ìbá jókòó sí? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó gbogbo wa, kó gba ọmọ gbogbo wa, tòun ti orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìntì, wọ́n ní àwọn kò mọ Rasaki. Ó lọ búra ní kóòtù pé Richard àti Rasaki, ẹnì kan náà ni. Àpò ara rẹ̀ ló ti san owó ìbúra náà.