Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Bí Amundsen àti Scott Ṣe Múra fún Eré Ìje Inú Yìnyín

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ wa, bóyá ńṣe lẹ ń kà á lórí fóònù lálẹ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ìtàn tòní tutù ju omi inú fìríìjì lọ.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1912, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ń wá ẹlẹgbẹ́ wọn ní Antarctica rí orí àgọ́ kan tí yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ jáde, wọ́n bá òkú èèyàn mẹ́ta nínú rẹ̀: Robert Falcon Scott, Edward Wilson àti Henry Bowers. Ó ti lé ní oṣù méje tí wọ́n ti kú.

Oúnjẹ wà níwájú wọn. Epo tí wọn ìbá fi dáná wà níwájú wọn. Nǹkan bíi kìlómítà 20 péré ló kù kí wọ́n débẹ̀. Kìlómítà 20 yìí, ọ̀kadà kò ní lo ìdajì wákàtí kó tó gbé yín dé.

Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti kó oúnjẹ yẹn síbẹ̀ dè wọ́n. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pinnu láti kó o sí. Ibi tí wọ́n pinnu tún jìn sí gúúsù ju ibẹ̀ lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 57. Ẹ bá mi ṣírò ó. Ká ní ibi tí wọ́n pinnu gan-an ni wọ́n gbé e sí, àwọn ọkùnrin yìí ìbá ti bá oúnjẹ pàdé kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n kú sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ìparí. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ eré ìje sí ìkángun gúúsù ayé, ibi tí wọ́n ń pè ní South Pole, ìgboyà ni wọ́n máa ń sọ. Ìgboyà kò wọ́n lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ ká wò lónìí ni oṣù tí wọ́n fi múra sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ eré náà.

Ta ló ń bá ta sáré?

Scott jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lọ sí Antarctica rí, láàárín ọdún 1901 sí 1904. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1910, ọkọ̀ rẹ̀, Terra Nova, gbéra láti Cardiff, gbogbo ayé sì mọ ibi tó ń lọ.

Roald Amundsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, kò jẹ́ kí ayé mọ̀. Ìkángun àríwá ló ti sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ń lọ. Ní ọdún 1909, ìròyìn dé pé Cook dé ibẹ̀, ìròyìn míì tún dé pé Peary náà dé ibẹ̀. Amundsen rò ó pé kí lòun tún ń wá lọ síbẹ̀. Ó yí ètò rẹ̀ padà ní bòńkẹ́lẹ́, ó dojú kọ gúúsù. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀, Fram, dé erékùṣù Madeira ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1910 ló tó là á yé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Tẹ́lígíráàmù rẹ̀ bá Scott ní Melbourne ní oṣù Kẹwàá. Láti ọjọ́ yẹn ni ìrìnàjò ti di eré ìje.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú eré tó jẹ́. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 3,000 kìlómítà. Kò sí igi, kò sí koríko, kò sí ẹran ìgbẹ́, kò sí ọjà. Ohun tí o máa jẹ, ìwọ lo máa gbé e. Bí ohun tí o gbé bá pọ̀ jù, kò ní jẹ́ kí o rìn. Bó bá kéré jù, ebi á pa ọ́. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ wọn, orí ìṣirò yẹn ló dá lé.

Abéèrè kì í ṣìnà

Ilé ìwé tí Amundsen lọ kò ní bẹ́ǹṣì. Láàárín ọdún 1903 sí 1905, ó dúró sí erékùṣù King William ní àríwá Kánádà, níbi tí àwọn Inuit tí wọ́n ń pè ní Netsilik ń gbé. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà yẹn máa ń wo irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ bí ará oko. Amundsen jókòó sọ́dọ̀ wọn bí ọmọ iṣẹ́. Ó bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń ránṣọ, báwo ni wọ́n ṣe ń darí ajá, báwo ni wọ́n ṣe ń fi yìnyín kọ́lé.

Wọ́n kọ́ ọ pé òógùn léwu ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Tí aṣọ bá fún mọ́ ọ lára, wàá làágùn. Tí o bá dúró, òógùn yẹn á di yìnyín sí ọ lára. Nítorí náà, aṣọ awọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ni wọ́n máa ń wọ̀, ìlọ́po méjì: irun ti inú á kọjú sí ara, irun ti òde á kọjú síta, aṣọ náà á sì ṣò kí atẹ́gùn lè máa rìn níbẹ̀. Aṣọ tí Amundsen gbé lọ sí gúúsù nìyẹn.

Ó tún kó ajá 97 láti Greenland. Àwọn kan bímọ lójú omi, nígbà tí wọ́n fi máa dé Antarctica ní oṣù Kìíní ọdún 1911, ajá ti lé ní 100. Àwọn èèyàn rẹ̀ sì jẹ́ àwọn tó ti ń lo síkì, pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Olav Bjaaland, ọ̀kan nínú wọn, gbajúmọ̀ nínú ìdíje síkì ní Norway.

Scott náà kò kàn dìde lọ. Ajá ti já a kulẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, Shackleton sì ti fi ẹṣin kékeré rìn títí ó fi ku nǹkan bíi kìlómítà 180 péré kó dé ìkángun gúúsù ní ọdún 1909. Scott wá pín ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ sọ́nà púpọ̀: ẹṣin kékeré 19, ajá díẹ̀, ọkọ̀ onímọ́tò mẹ́ta tó lè rìn lórí yìnyín, àti agbára ọwọ́ èèyàn.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti wọlé. Ẹṣin máa ń làágùn lára, òógùn náà á sì dì. Pátákò rẹ̀ máa ń rì sínú yìnyín. Koríko kò sì sí ní Antarctica, nítorí náà gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ rù láti òkè òkun. Ajá ní tirẹ̀ lè jẹ ẹran síìlì, ẹranko inú òkun tó pọ̀ létí omi ibẹ̀. Kápítẹ́ẹ̀nì Oates ló mọ ẹṣin jù nínú wọn, àmọ́ òun kọ́ ni wọ́n rán lọ ra ẹṣin. Cecil Meares, tó mọ ajá, ni wọ́n rán. Nígbà tí Oates rí àwọn ẹṣin náà, inú rẹ̀ bà jẹ́, torí púpọ̀ nínú wọn ti darúgbó. Reginald Skelton, tó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ onímọ́tò, kò bá wọn lọ, torí ọ̀rọ̀ ipò láàárín àwọn ọ̀gá. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́ta náà já sínú òkun lọ́jọ́ tí wọ́n ń já a sílẹ̀. Méjì tó kù dẹnu kọlẹ̀ nígbà tí ìrìnàjò gan-an bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó rìn jìnnà.

Àká ojú ọ̀nà

Kí òkùnkùn ọdún 1911 tó dé, ẹgbẹ́ méjèèjì jáde lọ kó oúnjẹ sójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àká.

Amundsen gbé àká sí dígírì 80, 81 àti 82. Ó fẹ́ dé 83, ó rí i pé ó ti rẹ àwọn ajá, ó padà. Oúnjẹ tí wọ́n kó síbẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló ronú pé, tí kùrukùru bá bolẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ń bọ̀, báwo làwọn ṣe máa rí àká kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ tó funfun láti ìhín dé ọ̀hún? Ó ní kí wọ́n ri àsíá mọ́lẹ̀ ní ìlà, sọ́tùn-ún àti sósì àká náà, dábùú ọ̀nà, fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Wọ́n sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí o bá ti kan ọ̀kan, wàá mọ ẹ̀gbẹ́ tí àká wà àti bó ṣe jìnnà tó.

Scott fẹ́ gbé àká rẹ̀ tó tóbi jù sí dígírì 80. Àwọn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lójú ọ̀nà. Oates gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa èyí tí kò lè rìn mọ́, kí wọ́n fi ẹran rẹ̀ pamọ́, kí wọ́n máa lọ síwájú. Àánú àwọn ẹranko náà ṣe Scott, ó kọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1911, wọ́n já ẹrù sílẹ̀ ní dígírì 79 àti ìṣẹ́jú 29, wọ́n sì padà. Nínú ẹṣin mẹ́jọ tó jáde lọ, méjì péré ló padà délé láàyè.

Àánú yẹn kì í ṣe ìwà burúkú. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin kú náà, àká kò sì dé ibi tó yẹ.

Oṣù mẹ́rin nínú òkùnkùn

Ní oṣù Kẹrin, oòrùn wọ̀, kò yọ mọ́ títí di oṣù Kẹjọ. Ẹgbẹ́ Amundsen gbẹ́ yàrá sínú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Bjaaland ń fá síléèjì, ìyẹn ohun onípákó tí ajá máa ń fà lórí yìnyín, títí ìwọ̀n rẹ̀ fi dín ju ìdajì lọ. Hjalmar Johansen ń to bísíkíìtì sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe ìdérí àpótí náà lọ́nà tí wọ́n á fi lè mú oúnjẹ láìtú ẹrù. Bàtà fún wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n tún un rán, wọ́n tún tú u. Wọ́n pa àgọ́ láró kó lè dúdú, kí ojú lè sinmi nínú rẹ̀, kí wọ́n sì lè rí i lókèèrè. Lindstrøm, agbọ́únjẹ wọn, ń fún wọn ní ẹran síìlì tútù lójoojúmọ́, torí ó ń dènà àìsàn tó máa ń mú ẹran ìdí eyín ṣẹ̀jẹ̀.

Ó jọ pé kò sí àṣìṣe. Ó wà o. Amundsen ń bẹ̀rù ọkọ̀ onímọ́tò Scott, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ó kó èèyàn méje jáde, kí òtútù tó rọlẹ̀. Ó bá dígírì 56 sísàlẹ̀ òdo pàdé. Wọ́n já ẹrù sí àká àkọ́kọ́, wọ́n sá padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọlé, Amundsen gun síléèjì lọ, ó fi àwọn tó kù sẹ́yìn. Òtútù ti jẹ Kristian Prestrud lẹ́sẹ̀. Johansen ló dúró tì í, tó mú un délé lóru.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Johansen bá ọ̀gá rẹ̀ wí lójú gbogbo èèyàn. Òótọ́ ló sọ. Amundsen kò jẹ́ kó bá wọn lọ sí ìkángun gúúsù mọ́. Ọkùnrin tó ti bá Nansen dé dígírì 86 ní àríwá ní 1895 nìyẹn.

Amundsen gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Netsilik, kò gbọ́ ti Johansen. Ṣùgbọ́n ó kọ́gbọ́n lára ìpadàsẹ́yìn náà. Ó dín èèyàn kù sí márùn-ún, ó dúró de ojú ọjọ́, ó sì tún jáde lọ́wọ́ kejì oṣù Kẹwàá pẹ̀lú síléèjì mẹ́rin àti ajá 52.

Àbájáde

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1911, wọ́n débẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1912, àwọn márààrún ti délé. Ajá 11 ló bá wọn dé. Ẹ má jẹ́ ká bò ó: Amundsen ti ṣírò rẹ̀ láti ilé pé àwọn ajá yòókù á di oúnjẹ lọ́nà. Ohun tí àánú kò jẹ́ kí Scott ṣe sí ẹṣin kan, Amundsen ṣe é sí ọ̀pọ̀ ajá.

Scott débẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ó bá àmì àwọn ará Norway níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fa síléèjì. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n di oúnjẹ fún, àmọ́ ó mú ẹnì karùn-ún kún un lójú ọ̀nà. Epo tí wọ́n bá nínú àwọn àká dín sí iye tí wọ́n fi síbẹ̀. Òtútù oṣù Kẹta ọdún yẹn sì le ju bó ṣe máa ń rí lọ. Edgar Evans kọ́kọ́ kú. Oates rí i pé ẹsẹ̀ òun ń dá àwọn yòókù dúró, ó jáde kúrò nínú àgọ́ sínú ìjì, kò padà. Mẹ́ta tó kù kú sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Òkúta tí wọ́n ṣà fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, tó tó kílò 16, ṣì wà lórí síléèjì wọn.

Mi ò lè búra pé kìlómítà 57 yẹn nìkan ni ì bá gbà wọ́n là. Ohun tó pa wọ́n pọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣẹlẹ̀ kí ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rán lọ ra ẹṣin. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n já ẹrù sí.

Johansen ńkọ́? Ó padà sí Norway nínú ìbànújẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1913, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó borí náà ní òkú tirẹ̀.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa: ká ní ẹ̀yin ni Scott lọ́jọ́ 17 oṣù Kejì yẹn, tí ẹṣin ń dákú níwájú yín, tí Oates ń bẹ̀ yín pé ẹ máa lọ, kí lẹ máa ṣe? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ rántí pé kò mọ ohun tí àwa mọ̀. Ó dìgbà kan ná o.